Fítámì Tí Tẹ́júọlá Fi Sílẹ̀

Lórí òkè àdúrà kan ní Òkè-Ìlá ni wọ́n ti bá òkú Tẹ́júọlá, olùkọ́ ọmọ Ìlá, lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀ gbígbẹ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ẹbí lu wòlíì tó darí ààwẹ̀ náà pa kí Insípẹ́kítọ̀ Dinah Bámgbóyè tó dé lọ́jọ́ kejì.

Ìgò oògùn tó wà nínú báàgì òkú ni Dinah tẹjú mọ́. Lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń mú kí ara máa bá ara rẹ̀ jà, ló ti ń dá Tẹ́júọlá lóró. Ó wà lára àwọn tí Dókítà Kọ́láwọlé ń dán oògùn tuntun wò fún ní Ìlá. Àwọn kan ń gba oògùn gan-an, àwọn yòókù ń gba ẹfun lásán tí kò ní oògùn nínú, kí a lè fi wọ́n wéra. Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó gba èwo.

"Màmá, ṣé èyí nìkan ló ń lò?" Dinah bi Ẹfúnróyè, ìyá òkú.

"Ó tún ń lo fítámì tí dókítà ń fún gbogbo wọn. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ nílé nítorí ààwẹ̀. Dókítà ló ní kò léwu bó bá fi í sílẹ̀. Ọmọ mi ti ń yá, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún rọ̀bọ̀tọ̀. Gbogbo ọjà ló ń kí mi kú oríire."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló sanra. Pamílẹ́rìn tó ti gbẹ bí igi náà yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àfi bí dókítà ṣe gba fítámì lọ́wọ́ wọn lánàá, nígbà tó gbọ́ ikú ọmọ mi. Pamílẹ́rìn ń bì báyìí, kò lè dìde."

Dinah fò dìde. Ó fi ọkọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n gbé Pamílẹ́rìn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, òun sì kọrí sọ́dọ̀ Kọ́láwọlé.

Ó bá a níbi tó ti ń mu tíì.

"Màdáámù, àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹ lọ mú wòlíì yẹn."

"Fi òwe yẹn pamọ́. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn lójú ọ̀nà, wọ́n sì sọ fún mi pé ẹfun ni Tẹ́júọlá ń gbé mì. Ẹfun kì í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn líle tó ń mú kí ara tu èèyàn, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun lo pè ní fítámì. Bó bá ti mọ́ èèyàn lára, a kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó lè pa á. Tẹ́júọlá bi ọ́ bóyá kí òun fi í sílẹ̀ nítorí ààwẹ̀. Kí lo sọ?"

Kọ́láwọlé gbé ife kalẹ̀. "Bí mo bá ní kó má ṣe fi í sílẹ̀, á bèèrè ìdí. Ẹni tí ara ń ro kì í dúró nínú ìdánwò oògùn, Màdáámù. Bí wọ́n bá ń sá lọ, ilé-iṣẹ́ á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi."

"O wá jẹ́ kó lọ kú. O tún ba ìdánwò náà jẹ́. Ẹni tó jẹ ẹfun àti ẹni tó jẹ oògùn rí bákan náà. Ta ni yóò mọ̀ bóyá oògùn náà dára? Ìyà tí gbogbo wọn jẹ ti di asán. Ìwà rẹ ń rí mi lára." Dinah na fóònù sí i. "Nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ Pamílẹ́rìn ló wà níbẹ̀. Fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o fún un, àti bó ṣe pọ̀ tó."

"Bí mo bá sọ ọ́, ayé mi bàjẹ́."

"Bí o kò bá sọ ọ́, ó kú."

Ó sọ ọ́. Kò pẹ́, nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ti wọlé, Pamílẹ́rìn ti lajú.

Dinah fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Kọ́láwọlé lọ́wọ́, ó sì tì í jáde. Àwọn obìnrin tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọn kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ń dúró dè é lọ́ọ̀dẹ̀; wọ́n kúnlẹ̀.

"Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á bá wa dá yín sí!"

Kọ́láwọlé gbé orí sókè, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Má dá wọn lóhùn," ni Dinah wí.