Wọn Ò Kú, Wọ́n Ń Múra Ni

Ọjọ́ tí Qaanitah kọ́kọ́ fojú kan Mùs'áb, inú kíláàsì kan ní Lafiaji ni. Ilé ìwádìí kan ní Ìkòyí ni Qaanitah ti wá bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa baktéríà. Mùs'áb ni tíṣà wọn.

"Tí baktéríà bá rí gúlúkóòsì àti ṣúgà inú wàrà pọ̀," ni Qaanitah wí, "gúlúkóòsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ. Jíìnì ni àṣẹ inú ara tó ń sọ ohun tí ara máa ṣe. Wọ́n á ti jíìnì ṣúgà wàrà pa. Ìgbà tí gúlúkóòsì bá tán ni wọ́n tó máa ṣí i."

Tíṣà nawọ́ ṣáájú àwọn ọmọ. "Kí ló dé tí wọn ò jẹ méjèèjì pọ̀?"

"Kí wọ́n má baà fi agbára ṣòfò ni, sà."

"Ẹ má pè mí ní sà mọ́, jọ̀ọ́. Mùs'áb ni mò ń jẹ́."

Àwọn ọmọ hó yèè. Ojú ti Qaanitah, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi délé.

Kí ọdún tó yí po, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. "Adúmáradán mi" ni Mùs'áb ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, ó kan Alhaja Mùtíátù, ìyá Mùs'áb, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ta ìbòrí.

"Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ló ń sìn?" ni Alhaja figbe ta. "Ọwọ́ yẹn náà ló fẹ́ fi se oúnjẹ fún ọmọ mi? Kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí yìgì!"

Qaanitah sunkún. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Mùs'áb, ṣùgbọ́n mi ò lè fi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

"Èmi náà ò ní kí o fi í sílẹ̀, ayọ̀ mi. Jẹ́ kí n bẹ màmá mi."

Alhaja kò dúró gba ẹ̀bẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gba Ìkòyí lọ fúnra rẹ̀, kó lè kìlọ̀ fún ọmọbìnrin náà kó fi ọmọ òun lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì.

Nínú yàrá, Dókítà Abíọ́lá, ọ̀gá Qaanitah, ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. Ìlà tó ń fi ìdàgbàsókè baktéríà hàn ti lọ sókè, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ láti àárọ̀ tí gúlúkóòsì ti tán.

"Wọ́n ti kú, Qaanitah. Dà wọ́n nù. Àwọn tó wà nínú ìgò yòókù ti jí tipẹ́."

"Wọn ò kú, mà, wọ́n ń múra ni. Wọ́n pẹ́ nínú gúlúkóòsì ju àwọn yòókù lọ. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣí jíìnì ṣúgà wàrà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́."

"Tí wọn ò bá jí ńkọ́? Gbogbo làálàá rẹ wọmi nìyẹn o."

"Mo mọ̀, mà."

Bó ṣe yíjú, ó rí Alhaja. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, mà."

Alhaja ti di ọ̀rọ̀ kíkorò sẹ́nu wá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ìlà náà. "Àwọn wo ni wọ́n ní ó kú?"

Qaanitah ṣàlàyé. Alhaja pòṣé, síbẹ̀ kò dìde. Àkókò Alásàrí tó, wọ́n jọ kírun. Wọn ò tíì ká ẹní tí Dókítà Abíọ́lá fi pariwo:

"Qaanitah! Sáré wá!"

Ìlà náà ń gbérí. Wọ́n ń wò ó, ó ń gòkè sí i.

"Allāhu Akbar!" Alhaja ni. "Wọn ò kú lóòótọ́!" Kò mọ ìgbà tó fa ọmọbìnrin náà mọ́ra. Ẹkún ayọ̀ gba Qaanitah lójú.

"Ẹni tó lè dúró ti ohun tí ojú lásán ò rí báyìí," ni Alhaja wí, "ṣé ọmọ mi ló wá máa já jù sílẹ̀?"

Mọ́ṣáláṣí kan ní Ìta Fájì ni wọ́n ti so yìgì wọn. Nígbà tí àáfà bi Qaanitah bóyá ó gbà, ìdáhùn rẹ̀ dé etí àwọn tó wà lójú pópó.

Àbúrò Alhaja kan yọ́ bi í létí pé, "Ìyàwó yìí ti fi iṣẹ́ kòkòrò yẹn sílẹ̀, àbí?"

"Ta ló ní kó fi í sílẹ̀?" Alhaja ò rọra sọ ọ́. "Èmi ni màá gbọ́mọ pọ̀n kó lè ráyè lọ síbi iṣẹ́!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mùs'áb na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá ká lọ, olólùfẹ́ mi."

"Ó yá, olówó orí mi," ni Qaanitah dáhùn, ó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, àwọn méjèèjì jọ jáde sínú oòrùn.