Aago Márùn-ún Kọjá Ogún Ìṣẹ́jú

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù Maimunah ní Ìkirè, nínú oòrùn ọ̀sán tó ń jó ni bí ìdí ààrò, ó sì gbé ohun kan tó fi ìborùn obìnrin wé. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mọ́ àyà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án títí ó fi wọlé.

Láti òwúrọ̀ ló ti ń rẹ Maimunah. Ó ti tú fóònù mọ́kànlá palẹ̀ láti tún wọn ṣe, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Síbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ọkùnrin náà wo ìborùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú Maimunah. "Arúgbó ni," ó ní. "Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Iyè rẹ̀ ti ń rá."

Láptọ́ọ̀pù ló wà nínú ìborùn. Rùfáì lorúkọ ẹni tó gbé e wá, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó ní Àpòmù ni. Wọ́n fẹ́ pín irúgbìn kòkó kí òjò tó balẹ̀, àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní rí gbà. Orúkọ náà lé ní ẹgbẹ̀rún. Kí ìka rẹ̀ má baà kú, Rùfáì kọ àwọn àṣẹ kan sínú ẹ̀rọ pé kó máa bá òun tẹ̀ ẹ́: kó ṣí ojú ewé, kó ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, kó tẹ orúkọ àti oko, kó tún ṣí òmíràn. Ní ọ́fíìsì, iṣẹ́ ń lọ geere. Tó bá délé, ẹ̀rọ á máa ṣe bí ọ̀mùtí. Ó ti gbé oko ará Wásinmi lọ sí Ararọ̀mí-Òwu, lánàá ló sì sọ Baba Afọláyan di obìnrin.

Maimunah bi í bóyá ṣájà máa ń wà lára rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó ní ó máa ń wà. Nílé ńkọ́? Ó ní níbo niná wà.

"Ẹ̀hẹ́n," Maimunah ní. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ tó bá mọ̀ pé inú bátìrì, àpò ara òun, lòun ti ń jẹun kì í sáré. Ojú ewé á pẹ́ kó tó ṣí, àṣẹ á sì ti ka mẹ́rin tirẹ̀ tán, á máa kọ̀wé síbi tí kò yẹ. "Ẹ má kà á ní ìṣẹ́jú mọ́. Ẹ ní kó dúró dìgbà tó bá rí àyè tó fẹ́ kọ̀wé sí."

"Tí kò bá rí i ńkọ́?"

"Á dúró."

Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ àṣẹ náà gùn bí ọ̀nà oko, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ló sì gba àtúnṣe. Bí Rùfáì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nírọ̀lẹ́ nìyẹn, tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Maimunah ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kó wá gbé e lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀. Ó ní ẹ̀rọ òun kì í sùn níta. Á fi ìborùn wé e, á gun ọ̀kadà padà sí Àpòmù.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn oníbàárà mìíràn a máa ki Maimunah ní arẹwà títí etí á fi kún, wọn ò ní mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Èyí wò ó lọ́jọ́ kẹta bó ṣe ń di ẹ̀yìn mú. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé tìmùtìmù kan dé, ó fi í sí ẹ̀yìn àga Maimunah, ó sì jókòó tirẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, bí ọ̀kadà bá dúró níta, Maimunah á ti gbójú sókè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì kan ni Rùfáì sọ tinú rẹ̀ jáde. "Maimunah, ó ti rẹ èmi náà. Àmọ́ tí mo bá jókòó síbí, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù mi kalẹ̀ ló ń rí. Ṣé kí n rán àwọn àgbà wá?"

Maimunah ní kó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn parí ná. Ọkàn rẹ̀ ti dáhùn tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ló yẹ bátìrì wò. Ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ẹ̀rọ sì to ìtàn bátìrì náà sílẹ̀ fún un. Iná tó lè gbà mọ́ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Ìyẹn ò yà á lẹ́nu, ó ti bẹ èèyàn kan ní Ìbàdàn kó bá òun wá tuntun. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló gbá a mú. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, láìyẹ ọjọ́ kan, wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ìdájí. Ìṣẹ́jú méjìlá, wọ́n á sì pa á dé.

Ọdún mẹ́ta ni Maimunah fi jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khalid. Ìdájí ni Khalid máa ń bọ́ síta pé òun fẹ́ ṣe àlùwàlá, tòun ti fóònù, Maimunah ò sì mọ̀ pé ìyàwó kan wà ní Ìbàdàn tó ń bá sọ̀rọ̀, àfìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ yìgì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kò bi Rùfáì ní nǹkan kan. Ó wé ẹ̀rọ sínú ìborùn, ìborùn obìnrin, ó gbé e fún un.

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín ṣe é. Àwọn àgbà yẹn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

Rùfáì gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni bátìrì dé láti Ìbàdàn. Maimunah lè fi í rán ọlọ́kadà, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà, ó ti dé ilé Rùfáì ní Àpòmù. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí Rùfáì ń bá sọ̀rọ̀ lásìkò náà.

Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohùn obìnrin ń bọ̀ láti inú yàrá, ó tutù, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àkànní, dìde. Àkànní ọkọ mi, ilẹ̀ ti fẹ́..."

Ohùn náà já.

"Rùfáì, kí ló dé?" Ohùn arúgbó ọkùnrin ni. "Kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ilẹ̀ wá mọ́ ni àbí kò mọ́?"

"Ó ti mọ́, Baba. Wọ́n ti pe ìrun."

"Àwọn ọmọdé ló ń pè é báyìí, wọn ò mọ àkókò. Jẹ́ kí ìyá rẹ sọ ọ́."

Maimunah di férémù ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó yọjú, Baba Làtífù, bàbá Rùfáì, jókòó sétí ibùsùn, ojú méjèèjì funfun, Rùfáì sì kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tó ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Sìlífátù, ìyá Rùfáì tó ni ìborùn, ti kú. Nínú ààwẹ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, níbi tó ti ń jí ọkọ rẹ̀ fún sààrì. Látìgbà tí ojú Baba ti fọ́, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ilẹ̀ mọ́. Rùfáì ti gbé ohùn náà sínú fóònù rí, Baba ní ta ló ti aya òun mọ́ inú agolo.

"Ẹ káàárọ̀, Baba," Maimunah ní. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rùfáì, ó dojú ẹ̀rọ délẹ̀, ó yọ bátìrì abẹ́ rẹ̀, ó fi tuntun sí i. Kò pẹ́ ju kéèyàn ka Fátíhà lọ. Sìlífátù tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó sọ ọ́ dópin, Baba sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Níta, Maimunah jẹ́wọ́ ohun tó rí nínú ìtàn bátìrì àti ohun tó rò. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun.

"Ọkùnrin ogójì ọdún á máa wí pé ohùn ìyá òun lòun ń gbé kiri?" Rùfáì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò sùn. "Mo ti parí àwọn àṣẹ yẹn. Kò ka ìṣẹ́jú mọ́. Èmi náà ò kà á."

"Tí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ ń wá ńkọ́?"

"Màá dúró."

Maimunah wo ojú ọ̀nà. "Ẹ ní kí àwọn àgbà máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin lẹ lè dúró, èmi ò lè dúró pẹ́, ẹ̀yìn ń dùn mí."

Lẹ́yìn ìkórè kòkó ni wọ́n so yìgì. Baba Afọláyan, tó ti padà di ọkùnrin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà níbẹ̀, ó jẹun yó.

Ní ìdájí kan, oṣù kejì tó dé ilé náà, Maimunah ló kọ́kọ́ jí. Oorun ṣì ń kun Rùfáì. Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì nínú ìborùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i.

"Maimunah," Baba pè láti yàrá rẹ̀, "ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó dúró. "Ó ti mọ́, Baba."

Ó gbọ́ tí ibùsùn dún, tí ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Baba ní. "Jẹ́ kí Sìlífátù sinmi lónìí."