Ìkòkò Ìyá Àìṣát

“Kọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ta ni yóò wá wo ilé yín ní Ìpáò?”

Peace, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì na báírò sí Àìṣát. Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wọn ni. Àìṣát ní àtọ̀gbẹ láti kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, síbẹ̀ ó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì. Ní báyìí, ìjọba fẹ́ san èyí tó pọ̀ jù nínú owó abẹ́rẹ́ tuntun kan tó ń ṣiṣẹ́ lára láti àárọ̀ di àárọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò fẹ́ ooru, nítorí náà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí Àìṣát kọ béèrè bóyá fíríìjì wà nílé.

Iná gan-an kò sí nílé wọn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fíríìjì. Ìyá rẹ̀, Àṣàbí, ló ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, tó rọ yanrìn sí àárín wọn, tó ń bu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ kí oògùn ọmọ rẹ̀ lè tutù. Ọkàn Àìṣát fà sí irọ́ náà gidigidi. Ṣùgbọ́n bó bá kọ pé àwọn ní fíríìjì, a jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ń tì í lójú nìyẹn. Ó kọ “rárá”, ó sì ṣàlàyé ìkòkò náà sẹ́yìn fọ́ọ̀mù.

Orúkọ rẹ̀ kò jáde lára àwọn tí yóò gba abẹ́rẹ́ náà. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní parọ́ fún yín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Nọ́ọ̀sì Ìbílọlá dé láti Adó. Ìgbìmọ̀ tó ń pín oògùn náà ló rán an pé kó máa wo fíríìjì láti ilé dé ilé, ó sì ti ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù Àìṣát, ìdí nìyẹn tó fi yà wá wo ìkòkò náà. Ó ki tẹmọ́mítà bọ ìkòkò náà láàárọ̀, ó sì dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó yọ ọ́ jáde, ó rí i pé inú ìkòkò ṣì tutù, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ìyá Àìṣát, ta ló kọ́ yín?”

“Uṣẹ́ ulé wa ni. Ẹ̀fọ́ ni ìyá mi ń fi í tọ́jú. Ọmọ mi ló ní ká fi oògùn sí i.”

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, wọ́n yọ ìbéèrè fíríìjì kúrò. Ẹni tó bá ti lè tọ́jú oògùn kí ooru má bà á jẹ́ yóò rí i gbà. Wọ́n fi orúkọ Àìṣát síwájú, wọ́n sì yọ orúkọ àwọn mẹ́fà tó parọ́ pé àwọn ní fíríìjì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àṣàbí, tí kò ka ìwé kankan, sí ilé ìwòsàn ní Ìkọ̀lé kó wá kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń to ìkòkò náà. Àìṣát ló ru ìkòkò tẹ̀lé e, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, orí rẹ̀ sì ń wú. Peace náà wà níbẹ̀, ó ń bá wọn pọn omi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi irọ́ bo ohun tí òbí yín ní. Ká ní Àìṣát tijú ìkòkò yẹn, tó sì parọ́, wọn ì bá yọ orúkọ tirẹ̀ náà.