Orin Tí Yìnyín Ń Kọ

Àárọ̀ ọjọ́ náà nínú gbọ̀ngàn orin ìlú wa, Kuopio, gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári, àfi Kerttu, ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò wa, tó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi orin tuntun kan dánra wò, wọ́n sì ní kí ará ìlú wá gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Gòjé ńlá tí wọ́n ń pè ní sẹ́lò ló ṣáájú, àwọn olórin yòókù ń gbè é. Ẹ̀yìn Kerttu gan-an ni mo jókòó sí, omi ń dà lójú mi. Òun ń rẹ́rìn-ín!

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó jókòó níwájú rẹ̀ yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Èmi ni mo kọ orin yẹn."

"Yéè! Ẹ má bínú. Ohùn adágún tó ti di yìnyín lẹ fi sẹ́lò yẹn ṣe, àbí?"

Ẹnu yà á. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ apẹja ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ́ kó sán kó tó kọrin. Yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọrin pẹ́, á wá dákẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ gan-an ni kí ẹ sá, nítorí ó fẹ́ sán, kó sì là lábẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Otso lorúkọ rẹ̀, ọmọ Helsinki. A ò gbúròó rẹ̀ rí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti tẹ̀ lé Kerttu dé orí adágún, ó dojú bolẹ̀, ó fi etí lé yìnyín.

"Dìde, ará ìlú ńlá," ni Kerttu wí, ó bu kọfí fún un. "Etí rẹ á já bọ́ síbẹ̀."

"Kó já bọ́. Kó o ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Ṣùgbọ́n Urho, bàbá Kerttu, kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹni tí kò mọ yìnyín fẹ́ gbé ọmọ mi? Láéláé!"

Kerttu sunkún. "Olólùfẹ́ mi, Bàbá nìkan ló kù fún mi láyé. Bí wọn ò bá gbà, mi ò lè fẹ́ ọ."

Otso padà sílé, ó tú orin rẹ̀ palẹ̀, ó tún un kọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ fún gbogbo ìlú, Kerttu fa bàbá rẹ̀ wá tipátipá. Bàbá ká apá mọ́ àyà, ó fajú ro. Sẹ́lò bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ́, ó wá dákẹ́.

"Kerttu, sá! Yìnyín ti dákẹ́!"

Bàbá ló pariwo, ó ti gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò ó.

Nígbà tí orin parí, Otso wá bá wọn. Bàbá kọjú sí i.

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló kọ́ ọ pé yìnyín máa ń dákẹ́?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

Bàbá ò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ Kerttu. Ó wo ọwọ́ náà, ó fà á, ó fi lé Otso lọ́wọ́.

"Dì í mú dáadáa. Bó bá sì ní kó o sá, kó o sá o."