Ìdajì Ewé Tó Kù

Èéfín funfun ni ọmọbìnrin tó ń fi odó lọ ewé ní yàrá ìwádìí kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà gbá agolo ńlá kan tí wọ́n fi ń gbé ewé dídì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, òtútù ń rú jáde lẹ́nu agolo náà, ó ń ṣàn dé orúnkún rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò tíì rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ ẹrù tó lè bó èèyàn lọ́wọ́.

"Ewé orí òkè rèé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e bọ̀, kò yọ́ rárá."

"Ìwọ náà ńkọ́, o ò yọ́?"

"Ìsinsìnyí ló ń bẹ̀rẹ̀, Ìyá Olódó."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Òun náà sọ ọkùnrin náà ní Ajáwé.

Iṣẹ́ Ìyá Olódó ni láti lọ ewé kúnná, kó sì yọ èròjà mẹ́ta lára ìyẹ̀fun kan ṣoṣo: ọ̀rá, purotéènì, àti èròjà ẹlẹgẹ́ kan tó ń gbé iṣẹ́ tí ewé ń rán sí ara rẹ̀. Kò sí ohun tó ń dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ajáwé a máa dúró wò ó títí wọn yóò fi lé e jáde. Kí ọdún tó yí po, ó ti lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, bàbá sì ti ní kò burú.

Lẹ́yìn náà ni Ajáwé gbé ewé igi kan dé. Igi náà nìkan ló kù nínú irú rẹ̀, iná igbó sì ti jó o lẹ́yìn tó já ewé náà. Ìyá Olódó lọ ìdajì. Ọ̀rá pé, purotéènì pé, ṣùgbọ́n èròjà ẹlẹgẹ́ ti já wẹ́wẹ́. Ewé tó bá yọ́ lójú ọ̀nà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kò bi Ajáwé. Ó kọ ọ́ fún ọ̀gá wọn pé ọwọ́ Ajáwé ni ewé náà ti yọ́, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ajáwé wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò yọ́. Ìyá Olódó ní èsì kì í parọ́. Ajáwé lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ọdún méjì kọjá kí ọ̀gá tó ní kó lọ ìdajì tó kù nínú yìnyín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ́kọ́ gbé odó sínú òtútù di ọjọ́ kejì. Èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láìlábùkù. Ewé kan náà, agolo kan náà. Ó wá rántí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi gbígbóná lòun fi fọ odó, ìkánjú kò sì jẹ́ kóun dúró kó tutù.

Gbogbo ọlọ́gbọ́n pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀. Ó kọ ìwé mìíràn, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ibi tí orúkọ Ajáwé wà. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ta ló ń béèrè? Ó ní òun ni.

Ó bá Ajáwé níbi tó ti ń bomi rin irúgbìn olówó kan. Ó kúnlẹ̀.

"Ewé rẹ ò yọ́. Odó mi ló gbóná. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Mo mọ̀ pé kò yọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí o ò fi bi mí."

"Mo rò pé ọwọ́ mi kì í ṣìṣe ni."

Ajáwé gbé garawa kalẹ̀. Ó ní ìyá òun kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ń béèrè ìyàwó òun títí dé òpin. Òun ń sọ fún wọn pé ó rìnrìn àjò ni.

Ìyá Olódó sunkún láìlóhùn. Ó ní òun kò wá tọrọ nǹkan kan, òótọ́ lòun wá sọ.

"Sọ ọ́ fún ìyá mi náà. Lọ́la, a ó jọ lọ síbi ibojì wọn."

"Ta ni kí n ní mo jẹ́?"

Ajáwé gbé garawa rẹ̀ padà. Ẹ̀rín àtijọ́ kò sí lójú rẹ̀.

"Sọ pé ìwọ ni ìyàwó wọn, àti pé o pẹ́ kí o tó dé."