Máìkì Ọwọ́ Òsì

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wá tí kọ́là rẹ̀ ti ya, ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ kọrin nírọ̀lẹ́. Ó jókòó dè mí, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí n tètè ṣe tán.

"Bí mo bá pè, ta ni yóò jẹ́?"

Ibẹ̀ ló ń dé tó ń dákẹ́. Kò tíì rí ìdáhùn fún un. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo gbè é láti ìdí máṣíìnì: "Èmi ni, mi ò lọ jìnnà."

Ó dìde. "Tún un kọ."

"Kọ́là lẹ gbé wá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò gbé orin wá."

"Fi kọ́là sílẹ̀ ná."

Bí mo ṣe di elégbè rẹ̀ nìyẹn. Ègbè Mi ló ń pè mí, kódà níwájú èrò. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣeré ní tẹlifíṣàn, ẹ̀rù bà mí, mo gé àjákù aṣọ pupa kan, mo so ó mọ́ ọrùn máìkì tèmi tó wà lápá òsì rẹ̀, kí n lè rí nǹkan tejú mọ́ yàtọ̀ sí ojú èèyàn. Lẹ́yìn eré ló sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi, òun sì fẹ́ fi mí ṣe aya. Mo ní mo ti mọ̀ látọjọ́ kọ́là.

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi. Ohun tí wọn ò bá lè ṣírò, kò sí nílé ayé.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ?" wọ́n bi í lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi.

"Orin ni mò ń kọ, sà."

"Mo gbọ́. Mo ní, kí ni iṣẹ́ ẹ?"

Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ gbéra lọ sí ìlú òkèèrè, bàbá mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Mo wà ní yàrá, mò ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń fọn fèrè níta. Ó fọn, ó sinmi, ó tún fọn. Nígbà tó yá, ó lọ.

Apòògùn kan ló pàpà fẹ́ mi. Ọkọ rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. A bí ọmọbìnrin kan. Ṣùgbọ́n bí orin ọkùnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú rédíò wa, ọwọ́ mi ló máa ń pa á.

Orí mi ti funfun báláú nígbà tí àbúrò rẹ̀, tó ń ta gìtá fún un, kan ilẹ̀kùn ilé tí èmi àti ọmọ mi ń gbé. Àwo fídíò kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń gbé orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde ló kó àwọn eré rẹ̀ jọ sínú ẹ̀, láti ìgbà èwe títí dé ìgbà ogbó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ wò ó dópin."

Èmi àti òun ló kọ́kọ́ yọ, ọmọdé méjì tó rù bí igi, aṣọ pupa lọ́rùn máìkì mi. Nínú eré kejì, òun nìkan ló dúró. Máìkì mi wà lápá òsì rẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró nídìí ẹ̀. Eré mìíràn, ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ikùn ti yọ, irun ti ń lọ; máìkì wà níbẹ̀. Àjákù aṣọ náà ń ṣá lójú mi, títí kò fi ní àwọ̀ kankan mọ́. Bó bá sì ti kọrin dé "ta ni yóò jẹ́", á kọjú sósì, gbogbo ohun èlò á dákẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀ kí wọ́n tó máa bá a lọ.

Oníròyìn kan bi í nínú fídíò náà pé kí ni máìkì kejì wà fún. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ni ín ń bọ̀."

Ó ṣe mí bíi pé èmi ni mo ti kú, tí wọn ò sì tíì gbé àga mi kúrò nídìí tábìlì.

"Kò rántí nǹkan mọ́, Àǹtí," àbúrò rẹ̀ sọ. "Fídíò yìí ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá ti dé ibi ìdákẹ́ yẹn, á máa sunkún, á ní kí ni wọ́n fi Ègbè òun ṣe. Dókítà ní kò ní pẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ kó bá ìbéèrè yẹn lọ."

Mo wo ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ ló ń wò wá látinú fọ́tò ara ògiri. Ọmọ náà wọlé, ó sì gbé bàtà mi jáde.

Ìdí tẹlifíṣàn ni a ti bá a. Ó ti gbẹ, kọ́là rẹ̀ sì ti gbó.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ó kí mi, bí èèyàn ṣe ń kí àlejò.

Wọ́n fún mi ní àga lápá òsì rẹ̀. Orin náà dé. *Bí mo bá pè, ta ni yóò jẹ́?* Èyí tó wà nínú tẹlifíṣàn kọjú sósì, èyí tó wà lórí àga náà kọjú sósì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò. Mo di ojú mi. Ohùn tó jáde ti há, arúgbó ló ni ín.

"Èmi ni, mi ò lọ jìnnà."

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ó ti dé. Ó pẹ́ lónìí, àmọ́ ó dé." Ó wá tẹ̀ sí mi létí. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ọmọ yẹn? Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Bàbá ẹ̀ ni ò gbà."

Mo lè sọ pé èmi nìyí. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe arúgbó kankan ló ń wá.

"Wọ́n ti gbà," mo ní. "Àwọn ló rán mi wá."

"Wọn ò ní yí i padà?"

"Wọn ò lè yí i padà mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn. "Kọ́là mi ti ya. Mi ò lè wọ èyí lọ fẹ́yàwó. Ṣé ẹ mọ aránṣọ kankan?"

"Mo mọ ẹnì kan."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà?"

"Kò lọ jìnnà."

Ó ti ń tú bọ́tìnnì. Mo yọ abẹ́rẹ́ nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kí n rí ojú abẹ́rẹ́ náà. Ọmọ mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó bá mi ki òwú bọ̀ ọ́.