Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Wòlíì

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, kó sì fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é. Kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí èèyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wojú aago.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì, tí ọkùnrin náà sì gbọ́ pé wòlíì ló ń darí wọn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ṣé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu wòlíì yín jáde ni Ọlọ́run sọ?"

"Rárá, bàbá ọmọ mi. Èèyàn ni wọ́n. Wọ́n ní ká máa gbàdúrà, ká bi Ọlọ́run fúnra wa."

Ìdáhùn yìí gan-an ló tún mú un fura sí i. Ó kó àwọn ìwàásù wọn àtijọ́ jọ, ó ń tú wọn wò. Ó sì rí i lóòótọ́: ọ̀rọ̀ tí aṣáájú kan sọ, tí àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó mú olè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ka ọ̀kan nínú ìwàásù wọ̀nyí níbi iṣẹ́, ni wọ́n gbé ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn ikọ́ ọmọdé wá. Kò kà á. Ó kàn buwọ́ lù ú. Ṣíbí kan ni oníoògùn kọ. Ṣíbí méje ló jáde nínú èyí tí wọ́n tẹ̀.

Wọ́n gbé ọmọ kan tó mu oògùn náà dé ilé ìwòsàn, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Nígbà tí ọ̀gá bi Ojú Àṣá léèrè, ó ní baba arúgbó tó ń to lẹ́tà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ló jẹ̀bi. Wọ́n ní kí baba náà lọ jókòó sílé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ojú Àṣá lọ bá baba náà nílé.

"Ẹ mọ̀ pé mo buwọ́ lù ú, ẹ ò sì sọ. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Kò sí. Mo ń retí kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́ ni. Ọmọ mi, mo ti rí àwọn ìwàásù tí o máa ń kà níbi iṣẹ́; òótọ́ lo rí nípa àwọn wòlíì yẹn. Wòlíì lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n wòlíì kankan kò kú fún ẹ. Jésù tí kò ní àṣìṣe ló kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, tó sì jíǹde, òun náà lo ò sì tíì bá sọ̀rọ̀ rí."

Ọkùnrin náà wá ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ yìí títí, kò rí. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó jẹ́wọ́, ó ní kí Olúwa gba òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n pe baba padà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ojú Àṣá. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò tíì dáhùn ẹ̀bẹ̀ tí Ojú Àṣá lọ bẹ̀ ẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ wòlíì, àmọ́ wọ́n ti ń kúnlẹ̀ pọ̀ báyìí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ìfura loògùn àgbà. Dán ọ̀rọ̀ wòlíì wò, ì báà jẹ́ ti Mọ́mọ́nì, ì báà jẹ́ ti pásítọ̀ tìrẹ, ì báà jẹ́ tèmi tí mo kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o mọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé, ta ni yóò bá ọ ru tìrẹ? Má fi í di ọ̀la. Ké pe Jésù níbi tí o jókòó sí yìí, kó o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.